Akẹ́kọ̀ọ́ ni tàbí òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì? Ìtọ́sọ́nà fún alásè àríyá ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá àfikún ọwọ́ fún ìgbà díẹ̀

Ìgbà ooru ni ìgbà ìkórè fún alásè tó ń se oúnjẹ àríyá fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí aláàádọ́ta ọdún, ìkómọjáde àti ìnáwó òkú àgbà a máa tẹ̀lé ara wọn láti Sátidé kan sí èkejì, àwọn ènìyàn mẹ́ta tó sì ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò ní lè dá oúnjẹ ènìyàn 300 gbé mọ́. Àfikún ọwọ́ tí ó ń wá kò ju ti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wá sí i lọ́kàn: kí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tàbí kí ó tẹ ẹ́jẹ́ńsì láago pé kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́.

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ènìyàn ni pé èwo ló dínwó. Èmi a máa gba alásè nímọ̀ràn pé kí ó fi ọ̀rọ̀ owó sẹ́yìn ná, kí ó kọ́kọ́ wo bí àìtó òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lórí kàlẹ́ńdà, nítorí pé àríyá tí a ti mọ ọjọ́ rẹ̀ láti oṣù kejì, àti àríyá tí agbáwo méjì pè ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé ara àwọn kò yá, kò lè ní oògùn kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka ènìyàn

Ẹ kọ gbogbo àríyá tí ẹ ti gba owó àsansílẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ iye wákàtí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti orí gígé ata àti àlùbọ́sà títí dé fífọ ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí á fi ìgbéyàwó ènìyàn 300 ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ènìyàn 2 yóò fi wákàtí 5 gé nǹkan, wọn yóò sì pọ́n mọ́ín-mọ́ín. Ní Sátidé, ènìyàn 6 yóò ṣiṣẹ́ wákàtí 10 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí wọ́n bá ń kó kúlà sínú ọkọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá kó ẹrù padà délé ìdáná. Wákàtí 70 nìyẹn. Ẹ má ṣe yọ ìrìn àárín ilé ìdáná àti gbọ̀ngàn kúrò nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má yọ àkókò tí wọ́n fi dúró de onígbọ̀ngàn kó wá ṣílẹ̀kùn, nítorí pé iṣẹ́ ni òfin ka méjèèjì sí nígbà tí a bá ń ṣírò owó iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí yóò já lé ẹnì kan lórí. Ẹni tó bá ṣe ti ọjọ́ Ẹtì àti ti Sátidé ti ṣiṣẹ́ wákàtí 15. Bí ẹ bá tún mú un lọ síbi ìkómọjáde oníwákàtí 6 ní ọjọ́ Àìkú, ó ti di 21. Wákàtí kan tó fi lé ní 20 yẹn kò já mọ́ nǹkan fún ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n ó lè ba físà akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Nàìjíríà jẹ́, kí ó sì kó ẹ̀yin náà sí gbèsè, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú. Òfin ìsinmi tún wà níbẹ̀: wákàtí 11 ló yẹ kó wà láàárín ìparí iṣẹ́ ọjọ́ kan àti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹni tó kúrò ní gbọ̀ngàn ní aago méjì òru kò yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí aago kan ọ̀sán tó lù.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé àìtó òṣìṣẹ́ yín pín sí méjì. Apá kan jẹ́ èyí tí ẹ ti mọ̀ ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú, apá kejì sì jẹ́ èyí tí kò ṣeé mọ̀ títí tí yóò fi dé. Ẹ fi àmì ọ̀tọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí pé orí àmì yẹn ni ìpinnu yín yóò dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níwájú yín

Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba, tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé, kò ní òdiwọ̀n wákàtí kankan nínú òfin físà. Ìdánwò nìkan ló lè dí i lọ́wọ́, oṣù karùn-ún ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ gba àkíyèsí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní yunifásítì, wákàtí 20 ni ó sábà máa ń ní láti ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá tó ti oyè yunifásítì, wákàtí 10 ni. Àwọn mìíràn sì wà tí a kò fún láǹfààní àtiṣiṣẹ́ rárá. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ka ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo iṣẹ́ tí ènìyàn náà ń ṣe níbikíbi ni wọ́n sì ń rò pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe wákàtí 12 nílé ìtajà kan láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní ju wákàtí 8 lọ tó kù fún yín, bó ti wù kí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ tó. Ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkorojú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ alásè ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ìsinmi ìgbà ooru. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè àkọ́kọ́ wà ní ìsinmi lóòótọ́ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ó sì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ nígbà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ọlọ́dún kan tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án kò rí bẹ́ẹ̀: àsìkò ooru yẹn gan-an ni ó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, nítorí náà ó ṣì wà nínú sáà ẹ̀kọ́ títí tí ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò fi pé, wákàtí 20 rẹ̀ kò sì yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, tí kò ní ìsinmi ìgbà ooru bí ti àwọn yòókù. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé másítà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ ń ṣe, ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó sì mọ bí a ṣe ń bu ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, tí ọkàn yín kọ́kọ́ fà sí, ni òfin yìí sábà máa ń dè jù.

Ohun méjì mìíràn wà tí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà. Kò gba kí ènìyàn máa dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà àṣà pé “kọ ínfọ́ìsì wá, màá sanwó fún ọ” kò bófin mu; orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé owó iṣẹ́ yín bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù. Kò sì gba kí ènìyàn wọ ipò iṣẹ́ alákòókò kíkún tí kò ní òpin. Ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sínú ìwé àdéhùn, èyí tí òfin ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pẹ́ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yẹ ìwé wò kí ó tó fọwọ́ kan ìkòkò

Ẹni tó bá wà lórí físà yóò fún yín ní share code (àmì tí ẹ ó fi yẹ ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wò), tí lẹ́tà W ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi í wọ ojú-ìwé agbanisíṣẹ́ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀, kí ẹ fi àwòrán tó jáde wé ojú ẹni tó wà níwájú yín, kí ẹ sì ka òdiwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àwòrán fóònù tí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tó. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò náà. Fún ọmọ Ìlú Ọba, ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó, kódà bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá. Fún akẹ́kọ̀ọ́ onífísà, ẹ gba ẹ̀rí ọjọ́ sáà ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti yunifásítì rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi wà lẹ́nu iṣẹ́ àti fún ọdún 2 lẹ́yìn náà.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo èyí. Láti oṣù kejì ọdún 2024, owó ìtanràn fún agbanisíṣẹ́ tó gba ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ náà lè tó £45,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì lè tó £60,000 bí ó bá tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọjá wákàtí rẹ̀ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwé àyẹ̀wò àti ẹ̀rí sáà ẹ̀kọ́ ni ààbò yín.

Nọ́ńbà National Insurance (owó adójútòfò tí ìjọba ń gbà lórí owó iṣẹ́) kò gbọdọ̀ dá yín dúró ní tirẹ̀: ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń dúró de nọ́ńbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìsinsìnyí ni kí ẹ wá ṣírò owó

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2026, owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ fún wákàtí kan jẹ́ £12.71 fún ẹni tó ti pé ọdún 21, ó sì jẹ́ £10.85 fún ẹni ọdún 18 sí 20. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣirò parí sí. Òṣìṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ ń yí padà ní ẹ̀tọ́ sí owó ìsinmi, òfin sì gbà kí ẹ san án pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdá 12.07 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ẹ bá ti kọ ọ́ lọ́tọ̀ lórí ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún ní National Insurance ti agbanisíṣẹ́ láti san, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá kọjá £96 lọ́sẹ̀.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 24 tó ṣe wákàtí 20. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ £254.20, owó ìsinmi jẹ́ £30.68, National Insurance tiyín sì jẹ́ £28.33. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £313.21, tí í ṣe nǹkan bí £15.66 fún wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 19 ní wákàtí kan náà yóò gba £217 àti £26.19 fún ìsinmi, ẹ kò sì ní san National Insurance kankan lé e, nítorí pé òfin yọ agbanisíṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀ lórí òṣìṣẹ́ tí kò tíì pé ọdún 21, àyàfi bí owó rẹ̀ bá kọjá £967 lọ́sẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí £12.16 fún wákàtí kan. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá lẹ́tọ̀ọ́ sí Employment Allowance, ẹ̀dínwó tí ìjọba ń ṣe lórí National Insurance ti agbanisíṣẹ́, tó jẹ́ £10,500 lọ́dún, ó ṣeé ṣe kí National Insurance ti ẹni ọdún 24 náà má jẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì kan ẹni tó ti pé ọdún 22 tí owó rẹ̀ kọjá £192 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òfin gbà kí ẹ kọ lẹ́tà sí i láti sún un síwájú fún oṣù 3, èyí tó gùn ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ní ti ẹ́jẹ́ńsì, iye kan ṣoṣo ni wọn yóò pè fún yín lórí wákàtí, gbogbo ohun tí a kà sókè yìí àti èrè tiwọn ti wà nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n pe £19: ẹ fi VAT (owó orí ọjà) ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di £22.80. Alásè tó ti forúkọ sílẹ̀ fún VAT lè gba £3.80 yẹn padà; ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tíì tó £90,000 lọ́dún, tí kò sì forúkọ sílẹ̀, yóò gbé e mì. Níbi ni owó ẹ́jẹ́ńsì ti máa ń dun àwọn alásè kéékèèké jù.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àkókò tiyín pẹ̀lú. Ìkéde iṣẹ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àyẹ̀wò ìwé, fíforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC (àjọ agbowó-orí ìjọba) gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́ bí ẹ kò bá tíì ṣe é rí, àti kíkọ ìròyìn owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ tí ẹ bá sanwó tàbí ṣáájú rẹ̀: gbogbo èyí lè gba odidi ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá pín in sórí wákàtí 400 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ wákàtí 20 péré ni ẹ ń wá, ẹ sanwó ẹ́jẹ́ńsì, kí ẹ sì sinmi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ ó bi ẹ́jẹ́ńsì kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn

Ẹ béèrè iye wákàtí tó kéré jù tí ẹ lè gba ènìyàn fún, ohun tí ẹ ó san bí àríyá bá yẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń yára fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tí kò bá dé, àti ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òru. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá àwọn ti yẹ ìwé ẹni tí àwọn ń rán bọ̀ wò, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ. Ọwọ́ ẹ́jẹ́ńsì, tó gbà á síṣẹ́, ni ojúṣe àyẹ̀wò náà wà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí wọ́n rán wá lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onífísà bákan náà. Òdiwọ̀n wákàtí 20 ń tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ yín, ètò yín fún ọjọ́ Àìkú sì lè tú ká nítorí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ibi tí ẹ ti ń di ẹja gbígbẹ, ata lílọ̀ tàbí gaàrí sínú ọ̀rá láti tà fún àwọn ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ́jẹ́ńsì tó bá ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ síbi ìpèsè tàbí ìdìpọ̀ oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ gangmaster (ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́), ẹ sì lè wo orúkọ wọn nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó wà fún gbogbo ayé. Òfin náà jáde ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí omi òkun gbé àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣa ìṣáwùrú ní Morecambe Bay lọ ní oṣù kejì ọdún yẹn, tí ó kéré tán ènìyàn 21 sì kú. Gbígbé oúnjẹ fún àlejò ní gbọ̀ngàn kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì ti ní ẹ̀tọ́ láti lo yàrá ìsinmi àti ibi ìjẹun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń lò, kí wọ́n sì mọ̀ bí àyè iṣẹ́ bá ṣí sílẹ̀. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, owó àti ìsinmi rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tí ẹ bá fúnra yín gbà síṣẹ́ náà dọ́gba. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀sẹ̀ kan ń jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Sátidé kan ṣoṣo ni ó wá, àti pé àlàfo tó ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ ni yóò dá ìkà náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wù yín tí ẹ fẹ́ gbà á ní tiyín, ẹ́jẹ́ńsì lè béèrè owó lórí rẹ̀. Wọn kò lè béèrè rẹ̀ mọ́ bí ọ̀sẹ̀ 14 bá ti kọjá láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, tàbí ọ̀sẹ̀ 8 láti ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pín iṣẹ́ náà

Ní tèmi, iṣẹ́ tí ẹ ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú, ẹ fi í fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni mẹ́fà tí ẹ ti kọ́ níṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n ń pín Sátidé láàárín ara wọn, sàn ju ẹni mẹ́ta tí ẹ ń lò dé góńgó òdiwọ̀n wákàtí wọn lọ, nítorí pé bí ẹnì kan bá yẹ̀, ẹlòmíràn ṣì ní wákàtí lọ́wọ́. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì lọ kí ìdánwò oṣù karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ òjijì àti iṣẹ́ tó ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ iná, bíi dídúró ti ìkòkò ńlá, ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ́jẹ́ńsì. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì kan kí ìgbà ooru tó wọlé, kódà bí ẹ kò bá tíì nílò wọn, nítorí pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe àkókò tí ènìyàn ń ka ìwé àdéhùn. Àwọn yunifásítì kan tilẹ̀ ní ẹ́jẹ́ńsì tiwọn. Unitemps, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Warwick, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì jẹ́ àárín méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ wàhálà ìwé owó iṣẹ́.

Gbogbo wa mọ ọ̀nà kẹta, ìyẹn ni kí á pe àwọn ẹ̀gbọ́n àti àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n wá bá wa gbé kúlà. Ìrànlọ́wọ́ ni bí owó kò bá sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fún wọn ní £80 nínú àpòòwé lẹ́yìn àríyá kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ni wọ́n, gbogbo ohun tí a ti sọ ṣáájú sì kàn wọ́n.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n tó dé iwájú àlejò

Ọ̀dọ̀ yòówù kí òṣìṣẹ́ ti wá, kò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò yín. Ohun 14 ni òfin sọ pé a gbọ́dọ̀ lè sọ fún àlejò bí wọ́n bá wà nínú oúnjẹ, nítorí pé ara àwọn ènìyàn kan kì í gbà wọ́n, èyí tó sì pọ̀ nínú oúnjẹ wa ló wà lára wọn: ẹ̀pà tó wà nínú yájì sùyà, edé tó wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹja àti ẹyin tó wà nínú mọ́ín-mọ́ín. Ẹ kọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí pátákó kan lẹ́yìn tábìlì oúnjẹ, kí ẹ sì kọ́ agbáwo pé bí àlejò bá bi òun pé “ṣé ẹ̀pà wà nínú èyí?”, kí ó má ṣe méfò, kí ó wá béèrè. Wákàtí kan tó sanwó rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó fún èyí.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì yín pẹ̀lú láti mọ̀ bóyá ìwé ààbò òṣìṣẹ́ yín, tí kò gbọdọ̀ dín ní £5 mílíọ̀nù, kan òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì tó bá fi omi gbígbóná jóra níwájú yín. Ní ti owó ẹ̀bùn tí àlejò bá fún àwọn agbáwo nípasẹ̀ yín, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ní kí ẹ pín in fún wọn láìyọ kọ́bọ̀, àti ti ẹ́jẹ́ńsì pẹ̀lú. Owó tí wọ́n ná lé onílù lórí kò sí nínú rẹ̀, bí agbáwo tilẹ̀ bá yín ṣà á nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí

Ẹ fi wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀ wé èyí tí ẹ̀yin náà kọ, kí ẹ san ohunkóhun tó kù, títí kan owó ìsinmi bí ẹ kò bá san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fún un ní P45 (ìwé tí òṣìṣẹ́ ń gbà nígbà tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀), kí ẹ sì sọ fún HMRC pé ó ti kúrò. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àti wákàtí fún ọdún 6. Lọ́dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì, ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé wákàtí kankan tí ẹ kò kà tán, nítorí pé ohun tí ẹ fọwọ́ sí ni wọn yóò gba owó lé lórí. Kí ẹ tó pa ìwé náà dé, ẹ kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó fẹ́ pè padà ní oṣù Kejìlá sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí físà rẹ̀ yóò parí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.